Àga Bàbá Mítà

Ọdún méjìlélógún ni Bàbá Mítà fi wo omi ní ilé-iṣẹ́ omi. Kì í ṣe odò ló ń wò o. Ìlà orí kọ̀ǹpútà ni, èyí tó ń fi hàn bí omi inú táǹkì ńlá ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́ tán, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu géètì, kó máa kí àlejò títí oṣù yóò fi parí, kó wá gbalé lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ akínyẹmí ara. Ojú ló lọ, ta ló ní etí bá a lọ?

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó gbọ́ tinú kọ̀ǹpútà, ní òun á mú kí nọ́ńbà máa sọ̀rọ̀. Ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀: mẹ́rìnlélógójì, mẹ́tàlélógójì, mẹ́tàlélógójì. Kó tó ka igba nọ́ńbà, Bàbá ti ń hanrun.

"Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Ọmọ mi, nígbà tí mò ń ríran, ṣé mo máa ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni? Bó ṣe ń gòkè, bó ṣe ń sọ̀ ni mò ń wò."

Ọmọ náà rò ó dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, ó sọ nọ́ńbà di ohùn: omi pọ̀, ohùn á lọ sókè; omi dín, á wálẹ̀; odidi ọjọ́ kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá gbọ́ bí ohùn ṣe ń rọra wálẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ìlú ń wẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti jí," ló wí.

Bàbá gbé ohùn náà tọ ọ̀gá lọ. Ọ̀gá kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá fojú rí i, ó sì gbé àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí i láti fi dán an wò. Bàbá tẹ́tí.

"Ọ̀gá, ohùn yìí já wálẹ̀ lójijì lọ́sàn-án ọjọ́rú. Ó tún já lọ́jọ́bọ̀. Àwọn ará ìlú kì í fa omi báyẹn, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á. Páìpù kan ti là, ìgbà tí pọ́ǹpù kejì bá gbéra lọ́sàn-án ló ń jò."

"Mo wo ìlà yẹn fúnra mi, Bàbá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ dijú."

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wo òun, ó wá dijú. Nígbà tó kan ọ̀sán ọjọ́rú, ohùn náà já bí ẹni tó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá ní kí Bàbá tún jẹ́ kí òun gbọ́ ọ.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé pọ́ǹpù kejì, wọ́n sì bá páìpù tó là níbẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló lọ gbé àga lẹ́nu géètì padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀, ó ń ṣàlàyé, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Mítà fọwọ́ pa apá àga rẹ̀, ó jókòó, ó sì ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ dákẹ́ díẹ̀, òun ń gbọ́ omi.