Àwòrán Tó Dá Jáde

Bí ẹ bá dé Ayétòrò tí ẹ béèrè Roheemat onífọ́tò, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Ṣé èyí tó máa ń bá oníbàárà jà?" Òun náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ó sọ òun di pupa lórí kọ̀ǹpútà, èébú ni yóò fi gbà á. "Kí ni àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ọ ṣe ọ́?" Yóò sì fi ojú ẹni náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Àwòrán yòówù kó ṣe, ẹ̀dà méjì ni: ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan dúdú-òun-funfun. Èyí aláwọ̀ ni oníbàárà bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, èènì ni èkejì. Yóò fa gbogbo àwọ̀ kúrò, yóò wá máa tún ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, lábẹ́ àgbọ̀n, títí ojú yóò fi yọ kedere. Ó ní àwọ̀ máa ń parọ́. Bó bá parí, yóò gbé èyí aláwọ̀ sórí státọ́ọ̀sì Wásáàpù rẹ̀, yóò fi èkejì tẹ̀ lé e, kí ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Gbogbo wa la sì mọ ohun tí àwòrán dúdú-òun-funfun ń wí nílẹ̀ yìí bó bá dá wà. Bí ọ̀dọ́ bá kú, irú rẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ ń gbé kiri. Roheemat mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé èyí aláwọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbé síta.

Ọjọ́rú kan ni Kòkúmọ́, ọmọ Imasayi, wá ya fọ́tò ọjọ́ìbí ọgbọ̀n ọdún rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ẹrù gba Ìdí-Ìrókò kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìdájí ọjọ́ kejì ló sì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Roheemat gbé ẹ̀dà méjèèjì sórí státọ́ọ̀sì, ó kọ "Kòkúmọ́ wa, ọmọ jẹ́jẹ́" sí wọn, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú síṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Èyí aláwọ̀ dúró sójú kan, kò lọ. Èyí dúdú-òun-funfun nìkan ló lọ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Báyọ̀, ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Kòkúmọ́, pè é láti Imasayi.

"Àǹtí Roheemat, kí ló pa á?"

"Pa ta ni?"

"Kòkúmọ́. Ẹ̀yin náà lẹ gbé e síta. Gbogbo èèyàn ló ti ń kọ 'sùn re' kiri."

Roheemat wo fóònù rẹ̀: èyí dúdú-òun-funfun nìkan ló wà níbẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ̀ ti gbọ́?"

Báyọ̀ ní àwọn obìnrin ti ń wọlé tọ̀ ọ́.

Ọmọ mẹ́ta ni ìyá náà bí ṣáájú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ikú mú. Ìdí tí wọ́n fi sọ ìkẹrin ní Kòkúmọ́ nìyẹn. Roheemat pa àwòrán náà rẹ́, ó pe Kòkúmọ́, kò wọlé. Ó pè é nígbà mẹ́wàá. Láìní àní-àní, ó ti kọjá ibodè, káàdì fóònù ilẹ̀ wa kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tó fi fò sórí ọ̀kadà. Títí tó fi dé Imasayi, ohun kan ṣoṣo ló ń wí: "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí n pa ìyá ọlọ́mọ."

Àwọn obìnrin ti kún àgbàlá. Ìyá Kòkúmọ́ jókòó lórí ẹní láìwé gèlè, ojú rẹ̀ gbẹ. Roheemat kúnlẹ̀ gbì.

"Màmá, ó wà láàyè. Àṣìṣe ni. Èmi ni mo ṣe é."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ìyá wí pẹ̀lẹ́. "Bí wọ́n ṣe wí nígbà ti ọmọ mi kejì náà nìyẹn. Wọ́n ní ó ń sùn ni."

Áà! Ta ni kò mọ̀ pé a kì í là á mọ́ ìyá lórí pé ọmọ rẹ̀ kú? Wọn á ní ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, wọn á ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Irọ́ ni àánú tí a ń ṣe. Bí Roheemat ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń mi orí. Ó fi Kùránì búra, ìyá ní, "O ń gbìyànjú." Ó ṣí àwòrán aláwọ̀ fún un: ẹ̀rín Kòkúmọ́, àǹkárá aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀.

"Ìgbà wo lo yà á?"

"Àná, Màmá."

"Lánàá, ó wà láàyè."

Ni ẹkún bá gbọn Roheemat. Àwọn obìnrin rí i tó ń sunkún, wọ́n ní kò kúkú sí àní-àní mọ́, gbogbo agboolé bú sẹ́kún.

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí fóònù Báyọ̀ tó dún, nọ́ńbà àjèjì. Kòkúmọ́ ni, fóònù ẹlẹ́rù kan ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló yá. Báyọ̀ fi í sí ìyá létí. Ìyá kò kí i.

"Kí lo jẹ lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ẹ̀wà àti gààrí, Màámi. Mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ sì bínú sí mi. Kí ló dé?"

Ìgbà yẹn ni ìyá tó sunkún. Ó sunkún títí fóònù fi gé.

Àwọn obìnrin dìde sí Roheemat, èébú lọ́tùn-ún, èpè lósì. Kò lè gbé orí sókè. Ìyá na ọwọ́ dá wọn dúró, ó kọjú sí Roheemat.

"Ṣé fóònù rẹ yẹn ń ya fọ́tò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ya èmi náà. Yọ gbogbo àwọ̀ ibẹ̀ kúrò, kí o tọ́jú rẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. O gbọ́? Tèmi, kó tó kan ti ọmọ mi."

Ó béèrè gèlè rẹ̀, ó wé e, ó jókòó tọ́. Roheemat ń fi ọwọ́ kan nu omijé, ó ń fi èkejì tẹ fóònù. Àkọ́kọ́ kò dá ṣáká, èkejì náà kò dá.

"Fara balẹ̀ yà á," ni ìyá wí. "Kò tíì kán mi lójú."