Ìyá Onígò àti Ọṣẹ Tó Ń Hó Nínú Irà

Ta ni kò mọ Ìyá Onígò ládùúgbò rẹ̀? Obìnrin kúkúrú tí kì í rìn, sísáré ló máa ń sáré, tí ìgò òfìfo á sì máa ró wọnjan-wọnjan nínú àpò èjìká rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Ó ń bu omi odò, omi kànga àti omi irà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ń wá ẹni tó bá bà á jẹ́ rí. Tẹ́ ẹ bá rí i tó gbé ìgò omi tó mọ́ kedere sókè sínú oòrùn, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun jòjòló ló gbé dání.

Irà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò ló fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ lomi òjò ti ń sinmi láàárín koríko kó tó wọ odò tí gbogbo ìlú ń mu. Ìdí nìyẹn tí òfin fi le bẹ́ẹ̀: omi òjò nìkan ló gbọ́dọ̀ gba inú gọ́tà lọ sírà. Omi ọṣẹ àti omi ìdọ̀tí yòówù ní páìpù tirẹ̀ tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ìjọba á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa.

Àfi bí ọṣẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú irà lọ́sẹ̀ kan, funfun báláú. Kíá ni gbogbo ojú yí sí alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè gọ́tà. Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Onígò wọra, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni alágbàfọ̀ yìí, aṣọ fífọ̀ yẹn náà ló sì fi rán an níléèwé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ìwọ náà lo máa ṣe é," ni ọ̀gá rẹ̀ wí. "Ojú gbogbo èèyàn lo ti máa da àwọ̀ sínú omi rẹ̀. Ṣé àwọ̀ mọ ẹ̀gbọ́n ẹni ni?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á da àwọ̀ pupa tí kì í pa ẹja sínú ihò omi ẹni tí wọ́n fura sí, wọ́n á wá lọ wo ibi tó máa yọ sí. Àdúgbò tú jáde lọ́jọ́ náà. Alágbàfọ̀ dúró ti agbada ìfọṣọ rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnu òun kú.

"Dà á, àbúrò mi. Tí aṣọ funfun oníbàárà mi bá fi lè pọ́n, ìwọ lo máa fọ̀ ọ́ o."

Ó dà á. Ni wọ́n bá sáré lọ sẹ́nu gọ́tà, wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Ọṣẹ funfun nìkan ló ń yọ. Ìgbà tó yá, ẹnì kan tó ṣí ìdérí páìpù ìdọ̀tí figbe ta: "Ó ti dé síbí o! Ó pọ́n bí ata!" Ibi tí òfin ní kó gbà gan-an ló gbà! Alágbàfọ̀ fò sókè, ó gbé àbúrò rẹ̀ tìgò-tìgò.

Àmọ́ ọṣẹ ṣì ń hó. Ta wá ni? Ara Ìyá Onígò ò gbà á mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí gọ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, èrò ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń pariwo "Ọṣẹ rèé! Ọṣẹ rèé!" títí ìdérí tó kẹ́yìn fi gbé wọn dé ẹnu géètì ọ́fíìsì tirẹ̀.

Ìyá Onígò rántí yàrá tuntun ẹ̀yìn ọ́fíìsì, níbi tó ti ń fi ọṣẹ fọ ìgò láràárọ̀, torí ìgò àyẹ̀wò ò gbọ́dọ̀ ní àbààwọ́n. Ó da ìyókù àwọ̀ sínú agbada ara rẹ̀, ó sáré padà sísàlẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò tíì dúró dáadáa tí ọṣẹ pupa fi ya wọ irà.

"Yéè! Èmi ni! Èmi gan-an lọ̀daràn tí mò ń wá!"

Gọ́tà òjò làwọn tó kọ́ yàrá náà so páìpù rẹ̀ mọ́. Bí ọṣẹ bá ṣe ń hó ló ń bu omi sí i, bó bá ṣe ń bu omi ló ń fọ ìgò sí i, ìgò tó ń fọ̀ ló sì ń mú kí ọṣẹ hó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èrò sì ń bá a rín in. Ọ̀gá náà ò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra.

"Òfin ńkọ́?" ó bi í.

Ìyá Onígò dìde, ó lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti yàrá náà pa.

Níbo ni wọ́n á wá ti máa fọ ìgò ìjọba? Alágbàfọ̀ tí páìpù rẹ̀ ò lẹ́bi ni wọ́n lọ bẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sírà. Ìyá Onígò bu omi, ó gbé ìgò sókè sínú oòrùn.

"Ó mọ́?" ni alágbàfọ̀ bi í.

"Ó mọ́, Bọ̀dá mi! Ó mọ́ kedere!"

Alágbàfọ̀ yíjú sí àwọn tó dúró nítòsí. "Èmi ni mo fọ ìgò yẹn o," ló sọ fún wọn.