Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Bá Bàbá Àgbà Jiyàn

Pásítọ̀ wa ní Longsight, nílùú òyìnbó níbí, kì í wàásù kí wọ́n má sọ pé, "Ní èdè Hébérù, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí ni..." Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdírì, tí mi ò níṣẹ́, tí èsì ìdánwò mi ò ṣeé fi han ẹnikẹ́ni, mo ní kí n kúkú lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn Júù tó ni ín. Mo rò pé màá parí ẹ̀ kí summer tó tán. Ọ̀lẹ ni mí, àmọ́ mo mọ àlá lá.

Bọ́ọ̀sì méjì ni mo ń wọ̀ lọ sí Prestwich, àdúgbò àwọn Júù, ní gbogbo ọ̀sán Wednesday. Nínú yàrá kan lẹ́yìn síńágọ́gù, wọn kì í wàásù féèyàn. Méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó ti ìwé mímọ́ wọn, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn bí ẹni fẹ́ jà. Bàbá Júù kan, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ni wọ́n so mí mọ́.

Wàhálà dé. Bàbá á sọ̀rọ̀, màá ní, "Yẹs sà." Wọ́n á tún sọ òdìkejì ẹ̀, màá ní, "Òótọ́ ni, sà." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Orí mi ń mì bíi ti alángbá.

Bàbá gbá tábìlì. "Ọmọ yìí, ó ti sú mi! Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni mo ti ń kọ́ ìwé yìí, mi ò tíì kọ́ ọ tán, mi ò sì rí ẹni tó gbà fún mi tó báyìí rí. Ìyàwó mi gan-an ò dán an wò. Tó o bá tún sọ 'yẹs sà' fún mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ wá ẹlòmíì."

Kò sì sẹ́lòmíì. Gbogbo wọn ló ti lẹ́nì kejì.

Mo délé, mo fi mọ́mì mi dánra wò. Wọ́n ní kí n fọ abọ́, mo ní, "Mọ́mì, mi ò gbà bẹ́ẹ̀."

"O ò gba kí ni?" Sílípáàsì ti wà lọ́wọ́ wọn. "Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ ní Prestwich nìyẹn? Jésù tó jẹ́ Júù, ṣé ó bá ìyá ẹ̀ jiyàn?"

Mo rántí pé ó bá a jiyàn níbi ìgbéyàwó tí wáìnì ti tán, àmọ́ mo fọ abọ́.

Wednesday dé. Ibi tí Ábúráhámù ti ń bẹ Ọlọ́run nítorí Sódómù la wà: tí olódodo bá pé àádọ́ta, ṣé Ó máa dá ìlú náà sí? Ábúráhámù ń já iye náà wálẹ̀ títí ó fi dórí mẹ́wàá, ló bá dákẹ́. Bàbá ní, "O ò rí ìgboyà!" Wọ́n wá tẹjú mọ́ mi.

"Rárá o, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ó tètè dákẹ́ jù. Bí mọ́mì mi ṣe ń ná ẹja ní Longsight Market, tó bá jẹ́ àwọn ni, wọ́n á já a dórí ẹyọ kan."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn. "Kò tọ̀nà. Ìdí méje ló wà tí kò fi tọ̀nà. Jókòó dáadáa."

Kí wọ́n tó parí ìdí kẹta, bọ́ọ̀sì mi ti lọ. Wọ́n ní ká fi mẹ́rin tó kù sí Wednesday mìíì, wọ́n ti ń wọ kóòtù. Mo ní ìdí kejì yẹn ò dá mi lójú.

Bàbá bọ́ kóòtù, wọ́n tún jókòó. Bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e náà tún lọ.