Ọmọ Mi Gbàdúrà Nínú Gbaka

Ẹ̀rù gbaka máa ń bà mí. Bí ọkọ̀ náà bá ti ń sáré láti Yopougon lọ sí Adjamé, ṣe ni mo máa ń dì mọ́ àga iwájú mi, tí màá máa ké "Jésù! Jésù!" títí gbogbo èrò á fi máa wò mí.

Ọmọ mi obìnrin, tí mo bí sí Abidjan níbí, ní òun á gbàdúrà fún mi. Ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀. Mo ní rárá o, Yorùbá ni kó fi gbà á. Ó bá pariwo nínú ọkọ̀: "Olúwa, mú ẹrù kúrò lára màmá mi pátápátá!"

Ẹrù kẹ̀? Àpò aṣọ tí mo fẹ́ lọ tà nìkan ni ẹrù tó wà lára mi! Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àmín kí n tó ronú.

A dé Adjamé, mo sáré bọ́ sílẹ̀ bí ẹni bọ́ lọ́wọ́ ikú, mo sì gbàgbé àpò. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, gbaka ti lọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo kó sínú òmíràn. Mo ń gbá dírẹ́bà léjìká: "Vite! Vite! Ṣé ìgbín lò ń wà ni?" Ọmọ mi ló wá dì mọ́ àga, tó ń ké "Jésù!"

A lé àpò náà bá. Ọmọ mi bi mí bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà òun.

Mo ní, "Ó gbọ́ èyí tó o gbà, ó tún gbọ́ èyí tó yẹ kó o gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, Faransé ni kó o fi gbà á."