Ikọ́ Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Òórùn kẹrosíìnì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìsarà. Òun ni fíríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí nílé ìwòsàn kékeré wa ń lò, iná rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù. Bó bá ti pọ́n, òtútù ti ń sá lọ nìyẹn. Akọ̀wé lásán ni mí láwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, ọ̀rẹ́ mi, ṣùgbọ́n mo ti ka gbogbo ìwé pẹlẹbẹ inú dúrọ́ọ̀ nọ́ọ̀sì àgbà ní àkàtúnkà.

Lẹ́ẹ̀rùn ọdún kan, èèyi ń pa ọmọ nílùú tó múlé tì wá. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé, kí a lè mọ ibi tí ọmọ tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ pọ̀ sí, kí wọ́n lè gbé abẹ́rẹ́ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo rò pé mo gbọ́n: mo ní kí wọ́n kó káàdì àjẹsára àwọn ọmọ jáde, káàdì ni mo kà.

Nílé kan lẹ́bàá ọ̀nà oko, ìyá àgbà kan kó káàdì mẹ́ta fún mi, abẹ́rẹ́ pé lára gbogbo wọn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, ikọ́ dún lẹ́yìn kọ́tìnnì, gbígbẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta.

“Ìyá, ta nìyẹn?”

“Akọ̀wé, káàdì lo wá kà ni, àbí ikọ́?”

Àwọn tó wà lójúde bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ pé ilé náà pé. Gbogbo àdúgbò náà ló pé nínú ìwé mi.

“Kò ku ẹnì kankan?” Nọ́ọ̀sì àgbà wò mí pẹ́.

“Kò kù, mà.”

Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ lọ sí àdúgbò mìíràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá àgbà yẹn pọn ọmọbìnrin kan wá, ojú rẹ̀ pọ́n, èèyi ti sú bò ó láti ẹ̀yìn etí dé ẹsẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ní Ògijo, ó fi í sílẹ̀ láìní káàdì. Àwọn nọ́ọ̀sì sì máa ń bú ẹni tí kò ní káàdì, ìyẹn ni ìyá àgbà ṣe fi í pamọ́. Ikọ́ yẹn náà ni mo tún gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, kò dún mọ́.

Ìyá àgbà kò sunkún. “Akọ̀wé, o ti wá rí i báyìí.”

Mo padà sí gbogbo ilé wọ̀nyẹn. N kò béèrè káàdì, n kò béèrè iye. Ta ló ń sùn lórí ẹní yìí? Ta ló ń sùn lórí tọ̀hún? Orúkọ tí kò sí nínú ìwé mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, a sì gbé abẹ́rẹ́ bá wọn.

Títí dòní, ìṣirò tó bá kù díẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tí wọ́n bá gbé wá pé kò ku ẹnì kan, òun ni mo máa ń tẹ́tí sí dáadáa, bóyá n óò gbọ́ ikọ́.