Irun Tí Mo Dà Sómi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irun orí mi tí ẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ṣì dúdú kirikiri, a kì í gbé Bundung níbí. Soldier Town là ń gbé, láàárín ìgboro gan-an, ìlú náà kò sì tíì máa jẹ́ Banjul. Bathurst ni wọ́n ń pè é nígbà náà, òyìnbó ló ṣì ń ṣe ìjọba. Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó kan la wà, tí atẹ́gùn òkun ti jẹ páànù orí rẹ̀ di pupa. Àwọn Àkú ló nilé, àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ ti òyìnbó, tí èdè wọn náà fẹ́ jọ ti òyìnbó, síbẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń se oúnjẹ, ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tiwa lẹ́nu wọn. Ìyá onílé wà lókè, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà nísàlẹ̀. Bàbá mi ń ta aṣọ, ìyá mi ń ta àwo tánńganran. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Olóbì ń gbé. Obì ló ń tà ní ọjà ńlá etí odò. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un.

Ọmọ yẹn ni èmi ń pè ní Bùrọ̀dá. Òun ló máa ń gbé mi sí èjìká lọ wo ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Barra ní òdìkejì odò, òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn títí mo fi ṣubú lu agbada ẹja ará ilé wa kan. Kò nà mí, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dún débi pé ìyá onílé á yọjú láti òkè wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nílé ní Nàìjíríà, kó lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó lọ. Ohun tí a tún gbọ́ ni pé ó ti wọ iṣẹ́ ṣọ́jà. Ìyá Olóbì bínú fún odidi oṣù méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò dé, tí ó rí ọmọ rẹ̀ nínú kákí, ó fi fọ́tò náà há ìdí ìró kiri ọjà, kò sì sí oníbàárà tí kò fi hàn.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wálé nínú aṣọ ológun. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti Èkó. Háà! Ẹ ò rí bí àwọn ọmọdé ṣe tẹ̀lé e láti etí omi títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì sọ fún wa pé bí òun bá padà, Kóńgò ni wọ́n ń rán àwọn lọ. Bàbá mi bi í pé ṣé ogun ni. Ó ní rárá o, pé àwọn ò lọ bá ẹnikẹ́ni jà, pé àwọn ń lọ pẹ̀tù sí ìjà ni. Gbogbo wa ló gba èyí gbọ́. Ta ló ń kú níbi tó ti ń pẹ̀tù síjà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó máa padà, Ìyá Olóbì pe onígbàjámọ̀ wá sí àgbàlá, Fúlàní arúgbó kan tó máa ń gbé abẹ rẹ̀ sínú àpò awọ. Ó fá orí Bùrọ̀dá kodoro, ó sì gé èékánná ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ìgbálẹ̀ ló sì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Olóbì wá dúró lé mi lórí.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbá a kó mọ́. Mi ò fẹ́ rí ẹyọ kan nílẹ̀. Lọ dà á sí odò, kí o sì dúró kí omi gbé e lọ tán kí o tó padà."

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi ojú burúkú wò ó lọ́jà pọ̀, lójú tirẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọ kákí. Ẹ̀rù ń bà á kí ẹnìkan má ṣa irun ọmọ náà lọ fi ṣe é níbi. Bí ẹ bá wà láyé nígbà náà, ẹ̀yin náà ò ní fi irun yín sílẹ̀ nílẹ̀. Mo kó irun náà pẹ̀lú èékánná sínú ìwé ìròyìn àtijọ́, mo gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí etí odò, mo dà á sómi. Díẹ̀ fẹ́ padà sí èbúté, mo fi igi tì í. Mo dúró títí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Nígbà tí mo délé, ó fún mi ní búrẹ́dì oníṣúgà, ó ní ọmọ tó gbọ́ràn ni mí. Bùrọ̀dá fọwọ́ pa orí mi nígbà tó ń wọ ọkọ̀, ó ní òun ó ra bàtà wá fún mi láti Kóńgò.

Lẹ́tà méjì dé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan mọ́, títí lẹ́tà kan fi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ń wo bàbá mi bó ṣe kà á, tó tún kà á, tó ká a dáadáa tó fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò jẹun àárọ̀ tí ìyá mi gbé kalẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù, ó jáde, nígbà tó sì fi máa padà, àwọn àgbà ọmọ ìlú wa márùn-ún tẹ̀lé e, pẹ̀lú àfáà wa.

Ẹ mọ̀ bí àwọn àgbà wa ṣe ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gbé e jùlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ́kọ́ ní ara Bùrọ̀dá kò yá. Wọ́n ní kí Ìyá Olóbì má lọ sọ́jà lónìí. Wọ́n ní bóyá yóò dára kó lọ sílé díẹ̀. Ìyá Olóbì ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, obì tó ń ṣà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin méje ò jọ wọlé mi rí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú. Ọmọ mi dà?"

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ la ṣe mọ̀. Ìyá Olóbì ò sunkún ní tirẹ̀. Ńṣe ló ń da obì padà sínú agbọ̀n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, tó ń dà á, tó ń dà á. Ìyá onílé sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó dì í mú, ó ń wí pé "ósh yà, màmá, ósh yà", bí àwọn Àkú ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àwọn Wólóòfù ará àdúgbò wá, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó. Àfáà kírun òkú láìsí òkú níwájú rẹ̀, wọ́n sì ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Àwọn ọkùnrin gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Ìyá Olóbì jókòó sí ẹnu ọ̀nà bàbá mi, ó bèèrè ìgbà tí wọn ó gbé irun ọmọ òun dé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Nílé wa, bí èèyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í. Ìyẹn ni wọ́n á gbé wálé, ìyẹn náà ni wọ́n á sì sin bí ẹni sin òun gan-an. Àfáà sọ fún un pé àdúrà tí a gbà ti tó. Ìyá Olóbì ní òun gbọ́ àdúrà, àmọ́ kí ni ẹ gbé sínú ilẹ̀? Ó dá a lójú pé àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ òun ò ní gbàgbé, pé ṣebí ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn. Ó lọ ra aṣọ funfun, ó gé e, ó ká a pamọ́ dè é.

Lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́ta, ọkọ̀ gbé àpótí ẹrù Bùrọ̀dá dé. Bàbá mi bá Ìyá Olóbì gbé e wọ yàrá. Aṣọ kákí méjì, ìgbànú, ife tánńganran kan, tẹ̀sùbáà, àti fọ́tò ìyá rẹ̀. Ìyá Olóbì yẹ gbogbo àpò wò. Ó ki ọwọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó mú ọ̀bẹ obì, ó tú ojú rírán àwọn aṣọ náà, bóyá wọ́n rán an mọ́ ibẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó tú wọn títí tí aṣọ kò fi jọ aṣọ mọ́. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Ìwọ lo gbá a. Ọjọ́ tí wọ́n fá orí rẹ̀, ìwọ ni. Ṣé gbogbo rẹ̀ lo dà nù?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo lè sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí yẹn, mi ò lè wò ó kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní díẹ̀ ṣẹ́ kù, mo tọ́jú rẹ̀. Mo sá lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo tú irun mi tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, mo fi abẹ gé iwájú rẹ̀, mo dì í sínú bébà, mo wé gèlè, mo gbé e lọ fún un.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀. Ó tú bébà, ó gbé irun náà súnmọ́ imú. Ó gbóòórùn àdín tí ìyá mi ń fi pa mí lórí. Ó nawọ́, ó ṣí gèlè kúrò lórí mi. Mo dijú, mo ń retí ìgbátí. Èmi ò rí ìgbátí. Nígbà tí mo lajú, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń jáde lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí n sin ìwọ náà ni?"

Ó di irun náà padà, ó ní kí n lọ dà á sómi, níbi tí mo da tọ̀hún sí. Mo lọ. Kò sọ pé kí n dúró lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ mo dúró títí ó fi lọ.

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ bá ti Èkó dé, ẹ ó rí i ní etí omi, tó ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà tó bá sọ̀kalẹ̀ bóyá ó ti dé Kóńgò rí. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀, àwọn kan ń rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Òmìnira dé, a jó, kò jáde wá wò wá. Ọdún ń gorí ọdún, ó dẹ́kun ìbéèrè, ó kàn ń lọ dúró. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ méjì, ìlú ti di Banjul, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ó ti kú. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ ń wá aṣọ tí wọn ó fi di àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n gbé ìrọ̀rí rẹ̀, wọ́n rí aṣọ funfun kan níbẹ̀, tó ti pọ́n, tí wọ́n ká dáadáa, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n lò. Èmi ni mo nà án fún wọn.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Lóde òní, bí ṣọ́jà bá kú lókè òkun, ọkọ̀ òfuurufú á gbé òkú rẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ á fọwọ́ kan pósí. Ẹ̀yin sì ń fojú rí ara yín nínú fóònù láàárọ̀ lálẹ́, ẹ rò pé ẹ ò jìnnà síra yín. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ní kí ẹni tó ń lọ ìrìn-àjò jókòó kí n gé irun rẹ̀ díẹ̀. Àpò-ìwé méje ló wà nínú àpótí mi, orúkọ yín wà lára wọn. Ìwọ tí wọ́n ní ìjọba ń rán ọ lọ pẹ̀tù síjà nílẹ̀ ibòmíràn lóṣù tó ń bọ̀, sún mọ́ mi. Mú àlùmọ́gàjí yẹn wá. Má bi mí léèrè bóyá ó lè dáàbò bò ọ́, torí kò lè ṣe nǹkan kan fún ọ. Èmi ló wà fún. Irun Bùrọ̀dá ni ohun kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yìí, igi ọwọ́ mi ni mo sì fi tì í kúrò ní èbúté.