Aṣọ Ṣọ́jà Tí Kò Lámì

Alágbàfọ̀ ni wá nílé wa. Ìyá ọkọ mi ló niṣẹ́, èmi ni mò ń fọ̀, ọkọ mi ló ń lọ̀, bó bá wù ú. Bí aṣọ oníbàárà bá ti wọlé, kó tó kan omi, Màmá á ti fi òwú pupa sàmì sí i nínú ọrùn, tàbí níbàdí tó bá jẹ́ ṣòkòtò. Àmì tíṣà yàtọ̀ sí ti awakọ̀, ti ṣọ́jà kan yàtọ̀ sí ti ìkejì. Aṣọ tiwa nìkan ni kì í lámì. Èyí tí kò bá ti lámì, inú àpótí wa ló ń lọ, kò sí àríyànjiyàn.

Nígbà tógun dé, wọ́n fi ṣọ́jà kan ṣọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà wa. Wọ́n ta okùn dábùú ọ̀nà, wọ́n so àkísà mọ́ ọn kí mọ́tò lè rí i. Màmá jí láàárọ̀, ó rí okùn tuntun tó le dáadáa, ó kó bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì tútù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá a.

“Dúró ńbẹ̀!” Ṣọ́jà na ìbọn.

“Ṣé mò ń sáré ni?” Màmá dá a lóhùn. “Gbé nǹkan yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o di etí kejì mú, ká jọ fún un.”

Ó dì í mú. Bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ wa nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Dúró-ńbẹ̀. Bí mọ́tò bá dé, á kọ́kọ́ ká aṣọ wa kúrò lórí okùn kó tó tú u, àwọn awakọ̀ á máa ṣépè.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa oúnjẹ! Ọkùnrin yẹn ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán wá gbógun ti ìkòkò mi. Mo máa ń kùn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń bá mi pọnmi, òun ló sì ń jókòó ti ọkọ mi nídìí áyọ́ọ̀nù kó má baà sùn lọ jó aṣọ èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ṣáá: ìyàwó òun ti bímọ, òun ò tíì rí ọmọ náà. Ọmọ tí kò rí rí o, ó ń sọ fún wa pé imú òun ló gbé wáyé!

Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn ní àwọn díẹ̀ máa lọ wo ilé kí wọ́n tó kó gbogbo wọn lọ síbi tí ogun ti gbóná. Dúró-ńbẹ̀ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí aṣọ ẹ̀ ò bá pé, tí kò sì mọ́, kò ní wọkọ̀. Bí ọkọ̀ yẹn bá sì fi í sílẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ bóyá á fojú kan ọmọ ẹ̀ láyé.

Aṣọ ẹ̀ kan ti ya láti orúnkún dé ìdí. Ìkejì ló kó fún Màmá. Màmá fọ̀ ọ́ fúnra ẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn, ó wọ èyí tó ya wá gbaṣọ. A wá a lórí okùn, a wá a lábẹ́ tábìlì, a tú gbogbo ẹrù oníbàárà. Kò sí! Ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé tíṣà, ó ní kó dìde kóun wo ṣòkòtò ìdí ẹ̀. Tíṣà lé e jáde. Màmá ò lè wo ìdí ọmọ ọlọ́mọ tó ń yọ síta, ó fi kọ́tìnnì olódòdó ró o fún un. Òrùka ṣì wà lára kọ́tìnnì náà. Ó pa dà sídìí okùn báyẹn, ìbọn léjìká, òrùka ń dún woroworo.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá ti dé bá a. Ó wò ó látòkè délẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Kọ́tìnnì ni, sà.”

“Mo rí i pé kọ́tìnnì ni! Tí mo bá mu sìgá yìí tán tí aṣọ ẹ ò sí lára ẹ, ẹlòmíì ló ń lọ.”

Mo sáré wọlé bá Màmá.

“Màmá, àmì wo lẹ ṣe sí i?”

Ó ń wolẹ̀. “Mi ò sàmì sí i.”

“Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sàmì sí àkísà ìnuwọ́ oníbàárà! Kí ló dé?”

Ó jágbe mọ́ mi: “Ṣé mo máa ń sàmì sí aṣọ ọmọ mi ni?”

Èmi àti ọkọ mi wojú ara wa. Ọkọ mi ló ń ká aṣọ lálaalẹ́, láìsí iná, àtàǹpàkò ló fi ń wá àmì lọ́rùn aṣọ. Ó fò sídìí àpótí wa. Lábẹ́ ẹ̀wù tiẹ̀, lórí ti àwọn ọmọ wa, aṣọ ṣọ́jà wà níbẹ̀, sítáàṣì ẹ̀ le gbagidi.

Màmá gbé e jáde fún Dúró-ńbẹ̀, ó sì sọ fún un pé inú àpótí wa ló wà, láàárín aṣọ àwọn ọmọ. Ó bú sẹ́kún nínú kọ́tìnnì.

“Wọ ṣòkòtò ẹ jàre,” Màmá ní, “sìgá ń tán lọ!”

Sìgá ti tán tipẹ́. Mo rí ọ̀gá tó tan òmíràn, tó kọjú sógiri.

Ó lọ, ó bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn lọ sójú ogun ló yà kí wa. Mo béèrè imú. “Imú ìyàwó mi ni,” ó ní, ojú tì í. Ó wá fa ẹ̀wù ọmọ ọwọ́ kan yọ lápò, wàrà ti dà sí i láyà.

“Màmá, ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Tógun bá parí, mò ń bọ̀ wá gbà á. Ẹ má sàmì sí i o.”

Màmá pòṣé. “Ta ló bi ẹ́?”

Ogun ò tíì parí. Ẹ̀wù náà wà nínú àpótí, láàárín tàwọn ọmọ mi. Bó ṣe mọ́ tó yẹn, Màmá á tún gbé e jáde, á tún un fọ̀. Èmi ò kùn mọ́. Mo ti ra ìkòkò tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.